Ìtàn 6000 tó wà lára bíréékà: láti Milan dé Ìbàdàn

Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ bá wà lọ́wọ́ ẹ̀ kó fi pamọ́, kó kà á tó bá délé.

Àwa ọmọ Nàìjíríà tó wà ní àríwá Ítálì, ní Parma tí mo wà yìí, ní Turin, ní Padua, ní Brescia, a fẹ́ràn ká máa kó ẹrù iná ránṣẹ́ sílé. Tí wọ́n bá tú ilé àtijọ́ kan tàbí ilé-iṣẹ́ kan, àwọn kan á ra bíréékà tí wọ́n tú kúrò níbẹ̀, wọ́n á tò ó sáàárín fíríìjì àti mátírẹ́ẹ̀sì nínú kọ̀ntéínà, ó di Èkó. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń tà á kò ju ẹyọ kan lọ: "Ti Ítálì ni, ojúlówó ni." Irọ́ kọ́. Iṣẹ́ wọn dáa lóòótọ́. Àmọ́ ojúlówó nìkan ò tó, ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí ló máa jẹ́ ká mọ ìdí ẹ̀.

Ẹ mú bíréékà kan wò. Ẹ máa rí C16 tàbí C32 tàbí C63 lára ẹ̀. Gbogbo èèyàn ló mọ ìyẹn. Nísàlẹ̀ ẹ̀, ẹ máa rí àpótí kékeré kan tí wọ́n yà, tí wọ́n kọ 4500 tàbí 6000 tàbí 10000 sínú ẹ̀. Ìyẹn ni àwọn tó ń rà á kì í bèèrè.

C16 ń sọ pé tí ẹrù iná bá ju 16 áḿpù lọ tó sì pẹ́ bẹ́ẹ̀, bíréékà á já. 6000 yẹn ń sọ nǹkan mìíràn: tí wáyà iná bá kan wáyà niútírà, ohun tí àwọn oníṣẹ́ iná wa ń pè ní bíríìjì, tí iná wá ya wọlé bí omi tó fọ́ dáàmù, iná tó pọ̀ jù tí bíréékà yìí lè gé kí òun fúnra ẹ̀ má bàa fọ́ ni 6000 áḿpù. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ò ṣèlérí kankan. Irin inú ẹ̀ lè lẹ̀ mọ́ra, kó má já mọ́ rárá. Àpótí ẹ̀ lè bẹ́, kí iná ràn mọ́ bọ́ọ̀dù. Ẹ rò ó bíi bíréékì kẹ̀kẹ́ Márúwá: ó ń dá Márúwá dúró dáadáa, ojúlówó ni, àmọ́ ẹ má gbé e sórí tírélà tó ń bọ̀ láti orí òkè.

Ìbéèrè wá ni pé, iná mélòó ló lè ya wọlé tí bíríìjì bá ṣẹlẹ̀? Bíréékà ò mọ̀. Ilé tí ẹ máa gbé e sí ló mọ̀. Ó gba ará Ítálì tó ọgọ́rùn-ún ọdún kí ìdáhùn yẹn tó di nǹkan tí oníṣẹ́ iná èyíkéyìí lè ṣí ìwé kó sì rí.

Kí wọ́n tó mọ̀ pé iná lè pọ̀ jù

Agbègbè yìí gan-an ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1800, Alessandro Volta, ọmọ ìlú Como tó ń kọ́ni ní yunifásítì Pavia, kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ Royal Society ní London, ó ṣàlàyé bátìrì àkọ́kọ́ fún wọn. Bátìrì yẹn ò lágbára púpọ̀. Ẹ so orí ẹ̀ mọ́ ìdí ẹ̀, kò ní jó ilé. Ìdí ni pé ìdíwọ́ pọ̀ nínú ara bátìrì fúnra ẹ̀, òun ló ń dá iná dúró kó má sáré jù. Ní ọdún 1827, Georg Ohm ní Jámánì fi ìṣirò sí i: ẹ pín fólítì pẹ̀lú ìdíwọ́, iná tó máa ṣàn ni ẹ máa rí. Ìdíwọ́ kékeré, iná púpọ̀. Ìdíwọ́ púpọ̀, iná kékeré. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù lórí bíríìjì, inú ibẹ̀ ló ti jáde.

Ọdún 1883 ló wá di pé nǹkan ńlá dé. Giuseppe Colombo, ẹnjiníà ọmọ Milan, gbé ẹ̀rọ Edison wá láti Amẹ́ríkà, ó kọ́ ilé-iṣẹ́ iná sí òpópónà Santa Radegonda, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Milan. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún yẹn, iná mànàmáná tàn ní ilé eré La Scala. Dáàbò tí wọ́n ní nígbà yẹn kò ju fíùsì lọ, wáyà tí ooru máa yọ́ tí iná bá pọ̀ jù. Edison ti gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀ ní 1880. Fún ìgbà yẹn, ó tó. Ẹ̀rọ wọn ò pọ̀, wáyà wọn ò jìnnà, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ ohun tí ẹ̀rọ òun lè tu jáde.

Nǹkan kan tún ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1883 yẹn kan náà, tí kò pariwo bíi ti La Scala. Léon Thévenin, ẹnjiníà tẹlifóònù àti tẹligíráàfù ní ilẹ̀ Faransé, tẹ òfin kan jáde (Helmholtz ará Jámánì ti sọ irú ẹ̀ ní 1853). Ohun tí òfin náà sọ ni pé bó ti wù kí wáyà àti ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn ògiri yín lọ́jú pọ̀ tó, ẹ lè kà á sí nǹkan méjì péré: fólítì kan àti ìdíwọ́ kan. Kò pọn dandan kí ẹ mọ iye ilé-iṣẹ́ iná tàbí tiransífọ́mà tó wà lẹ́yìn. Ẹ wọn fólítì nígbà tí ẹnikẹ́ni ò lo iná, ẹ wọn ọ́n nígbà tí ẹ ń lò ó, ìyàtọ̀ méjèèjì á sọ ìdíwọ́ fún yín. Ẹ fi òfin yìí sọ́kàn, a máa padà sí i.

Tiransífọ́mà dé, iná bíríìjì di ńlá

Ní 1884, wọ́n ṣe ìpàtẹ ńlá ní Turin. Lucien Gaulard, ará Faransé, gbé irú tiransífọ́mà ìgbà yẹn wá, ó sì fi iná ránṣẹ́ láti Turin dé Lanzo, ọ̀nà tó tó 40 kìlómítà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Galileo Ferraris tó ń kọ́ni ní Turin wà níbẹ̀, ó fi ìṣirò tú tiransífọ́mà yẹn palẹ̀. Lẹ́yìn náà, ní 1888, ó gbé iṣẹ́ ẹ̀ lórí agbára òòfà tó ń yí kiri síwájú àwọn ọ̀mọ̀wé Turin. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rántí mítà NEPA àtijọ́, tó ní pẹ̀lẹ́bẹ́ irin tó ń yí roboto lẹ́yìn gíláàsì, tí a fi ń mọ̀ bóyá ẹnì kan gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí iná: ìlànà tó ń yí i nìyẹn. Ní Jámánì, orúkọ Ferraris ni wọ́n fi ń pe irú mítà bẹ́ẹ̀.

Tiransífọ́mà ló jẹ́ kí iná rìn jìnnà. Òun náà ló sọ bíríìjì di ohun ìbẹ̀rù. Ẹ wo ìdí ẹ̀. Ìdíwọ́ inú tiransífọ́mà kéré gan-an. Ẹ mú tiransífọ́mà 500 kVA, irú èyí tó pọ̀ ládùúgbò wa nílé. Ní 415 fólítì, iná tó yẹ kó máa gbé kò ju nǹkan bíi 700 áḿpù lọ. Lára irin ẹ̀, wọ́n kọ ìdíwọ́ ẹ̀ sí i ní ìdá ọgọ́rùn-ún, ó sábà máa ń jẹ́ 4. Ẹ pín 700 pẹ̀lú 0.04: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 17,500 áḿpù. Ohun tó lè tú jáde nìyẹn tí bíríìjì bá ṣẹlẹ̀ lẹ́sẹ̀ ẹ̀, kí wáyà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bíréékà 6000 ń wo ẹ̀fà, ohun tó ń bọ̀ wá bá a lé ní mẹ́tàdínlógún.

Ní 1898, ilé-iṣẹ́ iná Bertini ní Paderno, lórí odò Adda, bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná ránṣẹ́ sí Milan, ó lé ní 30 kìlómítà. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, wọ́n ń so ilé-iṣẹ́ kan mọ́ òmíràn. Ìsopọ̀ yìí ní ìbùkún: tí ọ̀kan bá kú, èkejì á ràn án lọ́wọ́. Àmọ́ nígbà tí bíríìjì bá ṣẹlẹ̀, gbogbo wọn ló ń sáré wá síbẹ̀. Bíréékà tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lánàá kò lágbára mọ́ lónìí, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Kì í ṣe bíréékà ló yí padà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ló yí padà.

Gígé iná kì í ṣe eré

Láàárín ọdún 1920 sí 1930, ilé-iṣẹ́ Hugo Stotz ní Mannheim, Jámánì, gbé bíréékà kékeré tó ń dáàbò bo ilé jáde, bàbá àwọn tó wà ní bọ́ọ̀dù wa lónìí. Nǹkan méjì ló wà nínú ẹ̀. Àkọ́kọ́ ni irin oríṣi méjì tí wọ́n lẹ̀ pọ̀, tó máa ń tẹ̀ tí ooru bá mú un: òun ló ń rí sí ẹrù tó pọ̀ jù. Èkejì ni wáyà tí wọ́n wé bí òrùka, tó ń di òòfà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí iná bá ya wọlé: òun ló ń rí sí bíríìjì.

Ibi tí iṣẹ́ wà ni gígé gan-an. Nígbà tí irin méjì bá ń ya ara wọn, iná kì í gbà bọ̀rọ̀. Á fò kọjá láàárín wọn bíi mànàmáná kékeré, ooru ẹ̀ á tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún dígírì. Bíréékà gbọ́dọ̀ ti mànàmáná yẹn wọnú àwọn ìpele irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n tò síra wọn, kí wọ́n gé e wẹ́wẹ́, kó tutù, kó kú. Gbogbo ìyẹn, láàárín ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan. Iye irin, ààyè tó wà láàárín wọn, bí àpótí ṣe nípọn tó, ìyẹn ló ń sọ bóyá ó máa jẹ́ 4500 tàbí 6000 tàbí 10000.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Wọ́n ń dán an wò ni. Ẹ fi bíréékà sí ibi tí 6000 áḿpù ti lè ya wọlé, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fa bíríìjì, ẹ wo bóyá á yè é. Fún àwọn ẹ̀rọ ńláńlá, ó gba ilé ìdánwò tó lágbára bíi ti ilé-iṣẹ́ iná fúnra ẹ̀. Ní 1956, wọ́n dá CESI sílẹ̀ ní Milan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ercole Bottani ló ṣíwájú ẹ̀. Lára iṣẹ́ ẹ̀ ni kí wọ́n máa fi ìyà jẹ ẹ̀rọ iná níbẹ̀ kí ẹ̀rọ náà tó dé ibi tó ti lè pa èèyàn.

Nígbà tí nọ́ńbà di òfin

Ìgbìmọ̀ tó ń kọ ìlànà iná ní Ítálì, CEI, ti wà láti 1909. Ní oṣù Kejìlá 1962, ìjọba gba àwọn ilé-iṣẹ́ iná, wọ́n dá ENEL sílẹ̀. Ní 1968, òfin 186 sọ pé gbogbo iṣẹ́ iná gbọ́dọ̀ bá ìlànà mu, wọ́n sì ní ẹni tó bá tẹ̀lé ti CEI ti ṣe é bó ṣe yẹ. Ní 1990, òfin 46 sọ ọ́ di dandan kí oníṣẹ́ iná fọwọ́ sí ìwé tó máa fi sílẹ̀ fún onílé pé iṣẹ́ tóun ṣe bá òfin mu. Ẹni tó bá ti yá ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù ní Parma mọ ìwé tí mò ń sọ, àwọn ará ibí ò fi ṣeré.

Àmọ́ èyí tó wù mí jù ni nọ́ńbà mẹ́ta kan tó wà nínú ìlànà CEI 0-21. Ibi tí iná ti wọlé, níbi mítà, ìlànà yẹn ní kí oníṣẹ́ iná ka iná bíríìjì sí 6,000 áḿpù fún ilé oníwáyà méjì, 10,000 fún oníféèsì mẹ́ta tí agbára ẹ̀ ò ju 33 kW lọ, 15,000 fún èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó parí. Ọmọ iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ṣí ìwé, ó rí 6, ó ra bíréékà 6000. Kò mọ Thévenin, kò sì pọn dandan kó mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà iṣẹ́ ti bá a ṣe ìṣirò ẹ̀ sílẹ̀.

Nítorí náà, 6000 tó wà lára bíréékà Ítálì kì í ṣe nọ́ńbà kan lásán. Ìlànà tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ló gbé e ró. Bíréékà lè wọ kọ̀ntéínà. Ìlànà yẹn ò lè wọ kọ̀ntéínà.

Ó dé ilé wa

Iná mànàmáná kọ́kọ́ tàn ní Èkó ní 1896, ọdún 13 péré lẹ́yìn ti Milan. Ijora bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1923. Ìjọba dá ECN sílẹ̀ ní 1950. Ní 1962, ọdún tí Ítálì dá ENEL sílẹ̀, wáyà 132 kV so Ijora mọ́ Ìbàdàn. Kainji dé ní 1968, NEPA ní 1972. Ẹ rí i pé àwa náà so ó pọ̀, bíi tiwọn. Iná bíríìjì tiwa náà ń ga sí i bí wọ́n ṣe ń so ó pọ̀.

Ní ilé wa, òògùn fólítì tó lọ sílẹ̀ ni pé kí àdúgbò dáwó ra tiransífọ́mà. Gbogbo ayé á yọ̀, iná á mọ́lẹ̀ dáadáa. Ó yẹ ká yọ̀. Àmọ́ ọjọ́ tí tiransífọ́mà 500 kVA bá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ilé yín ni bíréékà 4500 tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá di ti àná. Kò sẹ́ni tó máa kan ilẹ̀kùn láti sọ fún yín.

Òdì kejì ẹ̀ náà wà. Ilé tó wà ní ìparí wáyà, tí fólítì ẹ̀ ń ṣubú tí aládùúgbò bá tan áyọ́ọ̀nù. Ẹ rí i pé gílóòbù yín di pupa nígbà yẹn? Ojú yín ló ń wọn ìdíwọ́ Thévenin yẹn. Ká ní fólítì wà ní 230, ẹ tan nǹkan tó ń mu 10 áḿpù, ó bọ́ sí 226. Fólítì 4 pín sí 10 jẹ́ 0.4 ómù. 230 pín sí 0.4 jẹ́ 575 áḿpù. Iná bíríìjì yín nìyẹn. Bíréékà 6000 ti ju èyí tó yẹ lọ ní ti agbára gígé. Àmọ́ ẹ wo C tó wà níwájú 63: ó ń sọ pé ó gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po 5 sí 10 kí òòfà ẹ̀ tó fà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìlọ́po 10 ti 63 jẹ́ 630. Ẹ̀yin ní 575. Ẹ ò ní ìdánilójú pé C63 á já kíákíá. Ó lè dúró títí ooru á fi tẹ irin ẹ̀, kí wáyà máa jó nínú ògiri. Irú B, tó ń já ní ìlọ́po 3 sí 5, ló máa gbà yín sílẹ̀ níbẹ̀: 315 ló pọ̀ jù tó máa bèèrè.

Ibì kan, iná bíríìjì ti pọ̀ ju bíréékà lọ. Ibòmíràn, ó ti kéré ju bíréékà lọ. Bíréékà kan náà, láti kọ̀ntéínà kan náà.

Ẹ tún fi jẹnẹrétọ̀ kún un. Jẹnẹ́ kékeré 2.5 kVA ò lè gbé ju bíi 11 áḿpù lọ. Tí bíríìjì bá ṣẹlẹ̀ lórí ẹ̀, ó ṣòro kó tu 160 áḿpù tí C16 ń retí jáde. Ìfátà náà rí bẹ́ẹ̀. Ilé kan, orísun iná mẹ́ta, nọ́ńbà mẹ́ta. Ìwé CEI tí wọ́n kọ fún ilé Milan kò lè dáhùn èyí fún wa.

Kí la máa ṣe?

Ká wọn ọ́n ni. Ẹ̀rọ tó ń wọn ọ́n wà, kò tóbi ju kí èèyàn gbé e lọ́wọ́ lọ. Òfin 1883 yẹn ló ń lò: ó wo fólítì, ó fa iná díẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá, ó tún fólítì wò, ó ṣe ìṣirò, ó kọ áḿpù sójú gíláàsì. Níbi bọ́ọ̀dù ńlá ni ká ti wọn èyí tó pọ̀ jù, ká fi yan nọ́ńbà inú àpótí kékeré. Níbi sọ́kẹ́ẹ̀tì tó jìnnà jù ni ká ti wọn èyí tó kéré jù, ká fi yan B tàbí C. Fún oníféèsì mẹ́ta, tí ẹ̀rọ bá wọn láàárín féèsì kan àti niútírà, àwọn oníṣẹ́ iná máa ń sọ ọ́ di ìlọ́po méjì kí wọ́n tó yan bíréékà, kí wọ́n má bàa ṣìnà. Orí iná tó wà láàyè ni wọ́n ti ń ṣe é o, ẹni tó kọ́ṣẹ́ ni kó ṣe é, kì í ṣe ẹ̀yin àti ṣúkúdíráfà yín.

Òfin tiwa náà kò ṣàìsí. NEMSA, tí òfin 2015 gbé kalẹ̀, ni iṣẹ́ àyẹ̀wò iná ilé àti ilé-iṣẹ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ohun tó kù ni ká máa bèèrè.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tẹ́ ẹ ń kó ẹrù, mi ò ní kí ẹ má kó o mọ́. Ẹ ka àpótí kékeré yẹn kí ẹ tó rà á, ẹ kọ ọ́ sí ìwé ẹrù, kí ẹni tó máa rà á ní Aláàbà mọ ohun tó ń rà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́lé, tí oníṣẹ́ iná bá ní kí ẹ ra bíréékà, ẹ bi í ní ìbéèrè kan péré: "Iná bíríìjì ilé yìí, mélòó ni?" Tó bá rẹ́rìn-ín, ẹ wá ẹlòmíràn. Tó bá ní "Ẹ jẹ́ n wọn ọ́n," ẹ fún un ní omi tútù, ẹ fún un ní àga.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ iná tó wà níbí, tí ẹ bá ti wọn ti àdúgbò yín rí, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún wa: ìlú, bí tiransífọ́mà ṣe jìnnà tó, iye áḿpù. Bí àwọn ará ibí ṣe bẹ̀rẹ̀ tiwọn náà nìyẹn, nọ́ńbà kan lẹ́yìn òmíràn.